Níbo Ni A Ó Gbé Ìtìjú Wa Lọ?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun mẹ́ta ni ó ń dààmú ọkàn Kristiani lọ́pọ̀lọpọ̀: àníyàn, ìdẹwò, àti ìtìjú. Púpọ̀ nínú wa a máa rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kíyèsí ìrìn ara rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àníyàn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìdẹwò. Bí ìdẹwò bá sì ti wọlé tán, ìtìjú a ti ilẹ̀kùn náà láti inú, kí ẹni tí ó ṣubú má baà lè jáde tọ Ọlọ́run lọ mọ́.

Bí a bá ṣí Episteli kìn-ín-ní ti Pétérù Aposteli, a ó bá ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Ní orí kejì ó sọ fún àwọn ará pé ojú kì yóò ti ẹni tí ó bá gba Kristi gbọ́. Ní orí karùn-ún ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n kó gbogbo àníyàn wọn lé Ọlọ́run. Bí ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó kìlọ̀ fún wọn nípa èṣù tí ń rìn kiri bí kìnnìún tí ebi ń pa. Ẹni tí ó kọ ìwé yìí kò gbọ́ ìròyìn ohun mẹ́ta wọ̀nyí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn rí, a sì ti fà á yọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà lọ sí òru ọjọ́ tí a mú Olúwa wa. Ọmọ-ẹ̀yìn méjì ni ó ṣubú gidigidi ní òru náà. Júdásì, ẹni tí ó jẹ́ akápò àwọn méjìlá, ta Ọ̀gá rẹ̀ ní ọgbọ̀n owó fàdákà. Pétérù, ẹni tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò bá a kú, sẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í sì í ṣe ọmọ-ogun tí ó fa idà yọ ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà á; ọmọbìnrin ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ni, lẹ́bàá iná tí àwọn ènìyàn ń yá nínú àgbàlá olórí àlùfáà.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn méjèèjì ni ó kábàámọ̀. Mátíù sọ fún wa pé Júdásì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì dá owó náà padà. Pétérù ní tirẹ̀ bọ́ sí òde, ó sì sọkún kíkorò. Ǹjẹ́ kí ni ó mú kí òpin wọn yàtọ̀? Ibi tí olúkúlùkù gbé ìtìjú rẹ̀ lọ ni. Júdásì gbé tirẹ̀ tọ àwọn olórí àlùfáà lọ, àwọn tí wọ́n ti lò ó tán, wọ́n sì dá a lóhùn pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn. Ó da owó náà sílẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì, ó lọ, ó sì pokùn so. Ṣùgbọ́n Pétérù kò fi àwùjọ àwọn ará sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin mú ìròyìn ibojì tí ó ṣófo wá, ó sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó sì gbọ́ pé Olúwa ni ó dúró ní etí òkun, ó bẹ́ sínú omi, kò lè dúró de ọkọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ìtìjú ń lé sẹ́yìn kì í bẹ́ sómi kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe náà ní iṣẹ́ rere tí ó ń ṣe, nítorí ó ń di ènìyàn mú kí ó tó na ọwọ́ sí ohun tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ sí etí ẹni tí ó ti ṣubú tán, ó di idà. Júdásì ṣe bí ẹni pé òwe yìí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìhìnrere ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ lẹ́yìn rẹ̀: Olúwa wa kú, ó sì jẹ ẹ̀sín. Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò lójú ọjà, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó gba ikú àti ẹ̀sín pọ̀, kí ẹni tí ẹ̀sín bá bá má ṣe sá tọ ikú lọ.

Ẹ̀yin ará, kò yẹ kí a máa kọ́ yín ní ohun tí a kò tíì fi ojú ara wa rí. Nígbà tí a jẹ́ katikíìsì ní ìjọ kékeré kan, a fi owó Ìkórè sí ìkáwọ́ wa kí a lè mú un tọ Alábòójútó lọ ní ìparí oṣù. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìwé dé pé ọmọ wa àkọ́bí yege, ó sì ní ọjọ́ mẹ́rin tí a ó fi san owó ilé-ìwé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. A kò sùn ní òru ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní òru kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wa. Ìdẹwò kò wí fún wa pé kí a jalè; bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, à bá lé e jáde. Ohùn ara wa ni ó fi sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹni tí ó yá owó kì í ṣe olè. Ìwọ náà ni yóò dá a padà.” A sì mú owó náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìyá arúgbó kan tí ó ń ta ẹ̀kọ dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ti ń san ẹ̀jẹ́ Ìkórè tirẹ̀ láti ìgbà òjò. Ó ní, “Baba Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó mi ti dé ibi tí ó ń lọ?” A dá a lóhùn pé, “Ó ti dé, ìyá.” Ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí ọ̀rọ̀ tí a yá di olè, tí olè sì di irọ́, lójú ẹni tí kò ní agbára kankan lórí wa. Nígbà náà ni ọ̀ràn Pétérù àti ọmọ-ọ̀dọ̀ nì yé wa.

Láti ọjọ́ náà lọ, ètè wa ń ka Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ níwájú ìjọ, ọkàn wa kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, àyà wa a já. A ronú láti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a sì ṣí lọ sí ibi tí a kò ti mọ̀ wá. Òwe àwọn baba wa tí a mẹ́nu kàn lókè sì ń dún ní etí wa lóru. Ojú wa kò ní agbára láti gbé sókè, ṣùgbọ́n Olúwa fún ẹsẹ̀ wa ní agbára láti rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a lọ bá Alábòójútó, a sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Òun kò sọ pé ọ̀ràn náà kéré. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó ní kí a jọ gbàdúrà. Nígbà tí a dìde, ó bi wá ní iye owó náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gba ìtọ́jú owó kúrò lọ́wọ́ wa, ó sì pàṣẹ pé kí a lọ fi ẹnu ara wa sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìjọ. Oṣù mẹ́jọ ni a fi san án tán. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò bá wa ṣe ẹ̀rín fún ìgbà pípẹ́, a kò sì lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a jẹ́wọ́, ìyá ẹlẹ́kọ wá sí ilé wa. Ó gbé ẹ̀kọ mẹ́fà kalẹ̀ nínú ewé, ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ kò tíì jẹun láti àná.” Lẹ́yìn tí a jẹun tán ni ó sọ pé, “Irọ́ tí ẹ pa fún mi ni ó dùn mí ju owó lọ.” A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dárí jì wá.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka orí kọkànlélógún Ìhìnrere Jòhánù pẹ̀lú ojú mìíràn. Iná èédú ni Pétérù ń yá nígbà tí ó sẹ́ Olúwa. Iná èédú ni Olúwa dá ní etí òkun nígbà tí ó ń dúró dè é. Ẹja àti àkàrà wà lórí rẹ̀. Ó fún un ní oúnjẹ ná, lẹ́yìn èyí ni ó bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹta bí ó bá fẹ́ràn òun, gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí ó sẹ́ ẹ. Olúwa kò bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ebi pa ẹni tí ó ń wẹ ọgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi àwọn àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà nínú orí kejìlélógún Ìhìnrere Lúùkù tí ó yẹ kí a dì mú. Kí Pétérù tó ṣubú rárá ni Olúwa ti sọ fún un pé Sátánì ń fẹ́ kù wọ́n bí ọkà, àti pé òun ti gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń jọ èlùbọ́ mọ̀ pé bí ajọ̀ ti ń mì, èlùbọ́ kò sọnù. Èérí ni ó ń kù sókè. Àdúrà Kristi ti ṣáájú ìṣubú Pétérù. Lórí àdúrà yìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé wa dúró lé, kò dúró lórí ìlérí tí àwa ti ṣe.

Ìtìjú mìíràn sì wà tí kì í ṣe èrè ẹ̀ṣẹ̀ ẹni, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ aráyé ni ó ti ń wá. Baba wa Samuel Ajayi Crowther mọ èyí. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, a sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó míṣọ́nárì dójú tì í ní ìpàdé kan ní Onitsha, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Kò fi Ọlọ́run sílẹ̀ nítorí ohun tí ènìyàn ṣe sí i. Ìránṣẹ́ Kristi ni ó jẹ́ títí ó fi sùn ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tọrọ ìdáríjì ní gbangba fún ìwà náà. Baba wa kò dúró de ọjọ́ náà kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ǹjẹ́ nísinsin yìí, ẹ̀yin olùkọ́ tí owó àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ ibi tí owó oṣù tí ń bọ̀ yóò ti wá, ẹ má ṣe dá gbé àníyàn yín sùn. Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run ní òru kìn-ín-ní, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ará kan tí ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run kí òru kejì tó dé. Bí à bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá àpótí nì kì bá tí ṣí. Bí ẹnìkan bá sì ti ṣubú, kí ó tètè dìde lọ, kí ó dá ohun tí ó mú padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó sàn kí àwa fúnra wa lọ pàdé òtítọ́ ní ọ̀nà.

Àti ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, ẹnìkan lè wà láàrin yín ní oṣù yìí tí ó ń wá ibi tí yóò sọ ẹrù ìtìjú rẹ̀ sí. Kí ó má ṣe bá àwọn olórí àlùfáà nì lẹ́nu ọ̀nà yín. Kí ó bá iná èédú, oúnjẹ, àti òtítọ́.

Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o gbàdúrà fún Pétérù kí ó tó ṣubú, gbà wá lọ́wọ́ àníyàn tí ń pa ìgbàgbọ́. Dá ọwọ́ wa dúró ní wákàtí ìdẹwò. Bí a bá sì ṣubú, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ojú wa mọ́ kúrò lára rẹ, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.