Súkúrúù Kábúrétọ̀ Ni Kí Ọwọ́ Kàn Gbẹ̀yìn

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Súkúrúù kékeré kan wà lára kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá mu rẹ́gí. Orí rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣe ségesège. Láti èbúté Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, láti Mákòkó dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Ìlàjẹ ní Igbókòdá, bí ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dúró ní sílóò, ìyẹn kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìtẹ iná mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tó máa ń yá lẹ́nu ni pé kábúrétọ̀ ni, kí wọ́n mú sukudiráfà wá. Èrò tèmi ni pé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n parí sí. Súkúrúù yẹn ni kí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, orí omi sì ni kí ọwọ́ ti kàn án.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ kò ju pé kó po epo mọ́ afẹ́fẹ́ lọ. Kí epo bẹntiróòlù tó lè jó tán pátá, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a jó gbọ́dọ̀ wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 14.7 epo náà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró inú kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ a máa sáré, ìtẹ̀ rẹ̀ a dínkù, epo a sì fọ́n jáde wẹ́wẹ́ láti inú ihò jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá tẹ iná mọ́ ọn, bí ilé iṣẹ́ sì ṣe lu ihò rẹ̀ náà ló ń wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Súkúrúù wa yìí ló ń ṣọ́ àpòpọ̀ náà ní sílóò, àṣẹ rẹ̀ kò sì kọjá ibẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ ìsáré. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì tó ń sílóò dáadáa, tó wá ń rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, kò ní ohun tí súkúrúù yìí fẹ́ bá a ṣe, bí a tilẹ̀ yí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dì ru kábúrétọ̀ kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ wo ìdérí táǹkì epo: ojú kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí a bá gbàgbé láti ṣí i, ẹ́ńjìnnì a dáhùn lójú ẹsẹ̀, a ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a sì kú. Rọ́bà tí a fi ń fún epo lọ sókè a sì ti rún mọ́ra pẹlẹbẹ. Rọ́bà yẹn kan náà ni ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé jù lójú omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rẹ̀ lórí ìsáré, tí a fi ọwọ́ fún rọ́bà náà, tí ara ẹ́ńjìnnì sì yá padà, epo ni kò dé ibẹ̀ tó: bóyá páìpù ti sán, bóyá fíltà ti dí, bóyá pọ́ǹpù ni. Omi tún wà. Kẹ́ẹ̀gì tí a kò nù gbẹ, òjò, ìgbì, gbogbo wọn ló ń fi omi lú epo. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìdí abọ́ kábúrétọ̀ ló ń lọ jókòó sí, níbi tí jẹ́ẹ̀tì ti ń fa epo mu. Kí a tú ìdè ìsàlẹ̀ abọ́ náà, kí a gba epo inú rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí a gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà, yóò ṣù rìbìtì rìbìtì sí ìdí ìgò, epo yóò sì léfòó lé e lórí. Kò sí bí a ṣe lè yí súkúrúù tí omi yóò jó. Pọ́lọ́ọ̀gì náà ń sọ tẹnu rẹ̀: bí imú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, àpòpọ̀ bá a mu, bí ó bá funfun, epo kéré, ooru sì pọ̀, bí ó bá dúdú tó sì rin, epo pọ̀ jù tàbí iná rẹ̀ kò tàn dáadáa. Bí ìdọ̀tí bá sì dí jẹ́ẹ̀tì, oògùn ìfọ kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni kí a fi ṣí i. Wáyà tí àwọn kan ń kì bọ̀ ọ́, ìwà ìbàjẹ́ ni mo kà á sí, ẹ má bínú. Ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà ni wọ́n fi ń wọn ihò yẹn. Bí wáyà bá ti fẹ̀ ẹ́, kò tún ṣe é dín kù mọ́.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́ ló tó kan súkúrúù. Ìwé ẹ́ńjìnnì ni yóò sọ iye ìyípo rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín ẹyọ kan sí méjì. Ìka méjì la fi ń yí i wọlé títí yóò fi rọra fara kan ìdí, a ó wá máa ka ìyípo bí a ṣe ń tú u jáde. Ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Bí a bá fi agbára dè é mọ́lẹ̀, ẹnu náà a bàjẹ́, ihò tó jókòó sí a fẹ̀, sílóò ò sì ní dúró mọ́. Lẹ́yìn náà, ó di orí omi. Kí a so ọkọ̀ mọ́ òpó pinpin, kí okùn ìpaná wà lọ́rùn ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì wà nítòsí àjẹ̀ onírin tó ń yí. Kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná, kí a wá fi í sí jíà iwájú, ní sílóò. Ìdá mẹ́jọ ìyípo ni kí a máa yí i wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró gbọ́ ọ, nítorí kì í dáhùn kíá. Yóò dé ibì kan tí ìró rẹ̀ yóò máa já, tí yóò máa sín gba ẹnu kábúrétọ̀: epo ti kéré jù. Kí a máa tú u padà bọ̀ títí ìró náà yóò fi wúwo, tí èéfín yóò sì pọ̀: epo ti pọ̀ jù. Àárín méjèèjì ni ibùjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fà á díẹ̀ sí ìhà ibi tí epo ti pọ̀. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn lójijì tó bá kọsẹ̀, kí a tún fi díẹ̀ kún un. Afẹ́fẹ́ ni súkúrúù àwọn ẹ́ńjìnnì kan ń ṣọ́, kì í ṣe epo. Ti àwọn yẹn a máa yí sódì, ìwé wọn sì ni kí a bi.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi lè ṣe é nínú dúrọ́ọ̀mù omi lórí ilẹ̀? Ó ṣe tán, àwọn mẹ̀káníìkì àgbà ń fi etí ṣe é níbẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. N kò bu etí wọn kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ́ńjìnnì bá sọ nìkan ni etí lè gbọ́. Ẹ́ńjìnnì inú dúrọ́ọ̀mù tí kò sí nínú jíà kò gbé ẹrù kankan. Nígbà tó bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ nínú jíà, omi ń ta ko àjẹ̀ rẹ̀. Èyí tó sílóò geere nínú dúrọ́ọ̀mù lè kú fin-ín bí wọ́n bá ti fi í sí jíà létí èbúté, níbi tí ìgbì ti ń gbá ọkọ̀ mọ́ òpó.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo ti wọ́n ju bí ọ̀pọ̀ apẹja ṣe lè fara dà lọ, àwọn kan sì ń de súkúrúù náà wọlé kí epo má baà tètè tán. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò bára mu. Orí ìsáré ni epo ti ń tán, súkúrúù kò sì láṣẹ níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé inú epo ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọlọ́ìlì àpòpọ̀ ń bá wọlé, lítà kan ọ́ìlì sí àádọ́ta lítà epo fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá dín epo ti dín ọ́ìlì, ooru a sì pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tún wá fi jẹ́ẹ̀tì kékeré rọ́pò ńlá, písítìnì lè lẹ̀ mọ́ sílíńdà láàárín ọ̀sà. Owó sílíńdà kan ju ti epo tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣẹ́ kù lọ fíìfíì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, bí mẹ̀káníìkì bá ní òun fẹ́ gbé e lọ dán wò lórí omi, ẹ má pè é ní ìfàkókòṣòfò. Ẹ san owó ìdánwò yẹn, ẹ sì jẹ́ kó parí kí èrò àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀.