ÌLÉRÍ TÍ ẸNÌKAN KÒ GBỌ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Sakin níbí, a sì rò pé ó yẹ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Calavi padà wálé. Kó tó di pé agogo àdúrà òwúrọ̀ dún, a ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń sáré. Àwọn ìyá tó ń lọ sóko ń bi ara wọn pé, "Ta ló ń lé e?" Yorùbá ṣáà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

A pè é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Máratọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ lọ sá ní Èkó, lóṣù kejì ọdún. Mi ò sá a rí." Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni eré náà, ọdún 2016 ni ti ìlú Èkó sì bẹ̀rẹ̀. A bi í pé èló ni wọ́n máa fún un. Ó ní àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà ló sábà ń gba owó ńlá, òun kàn fẹ́ sá a dé òpin ni. Ta ló wá rán an? Ó ní, "Ẹnìkan ò rán mi. Ọjọ́ tí mo parí ìdánwò ìkẹyìn ni mo ṣèlérí fún ara mi."

Ìdáhùn yìí kò jẹ́ ká sùn. Láti kékeré ni ẹlòmíràn ti ń lu agogo fún ọmọ ilé ìwé: tíṣà ń bẹ, ìdánwò ń bẹ, bàbá tó san owó ń bẹ. Ọjọ́ tó bá jáde, agogo dákẹ́. Bí ó bá wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ta ló ṣẹ̀? Alàgbà kan sọ fún wa pé gbèsè tí olówó àti ajigbèsè jẹ́ ẹnìkan náà, kì í ṣe gbèsè. Ó kù díẹ̀ ká gbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí owó kò sí láti lọ síwájú, àwa náà ṣèlérí nínú yàrá pé a ó máa ka ojú ìwé kan lójúmọ́, kí Faransé wa má bàa sọnù. Kò ju oṣù méjì lọ. Òjò dé, iṣẹ́ oko dé, a ní ó dọ̀la. Ẹnìkan ò bá wa wí, torí ẹnìkan ò mọ̀. Lónìí, bí ìwé ìjọba bá dé, ọmọ kékeré là ń pè kó wá kà á fún wa. Ọmọkùnrin ọjọ́ náà ló rẹ́ àgbàlagbà yìí jẹ. Àgbàlagbà náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà náà láti sọ pé òun dárí jì í.

Ẹ gbọ́ apá kejì o. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọmọ yìí kánjú. Kìlómítà 8 ló ń sá. Ó fò ó sí 20 lọ́jọ́ kan, orúnkún rẹ̀ wú. Bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ara ń kọ́ eré yìí: ká sáré, ká rìn, ká fi ọjọ́ kan ṣe èyí tó gùn lọ́sẹ̀, ká sì sinmi. Ẹni tó ń pa orúnkún rẹ̀ lónìí, òun náà ń rẹ́ ẹni oṣù kejì jẹ.

Ó tún fẹ́ bọ́ bàtà bíi Abebe Bikila, ará Etiópíà tó sáré láìwọ bàtà ní Róòmù lọ́dún 1960, tó sì gba ipò kìíní ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. (Àwa tí a ń bọ́ bàtà kí a tó wọ sùtánà, ìròyìn yìí dùn mọ́ wa!) Ṣùgbọ́n Bikila ti fi ẹsẹ̀ lásán kọ́ eré náà kó tó débẹ̀. A ní kó wọ bàtà rẹ̀.

Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lánàá ó wá bi wá bóyá ó burú bí òun bá sún un sí ọdún tó ń bọ̀. A ní kó kọ́kọ́ wádìí bóyá orúnkún ló ń béèrè tàbí ẹní. Ó ní òun ń bọ̀ wá fún wa lésì.