Àbùùbùtán: Ta Ló Sọ Pé Kì Í Tán?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Kí ló kan ọmọ Òkè-Ògùn nínú ọ̀rọ̀ àbùùbùtán? Láti Ṣakí dé etíkun Èkó, ọ̀nà jìn. Omi tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa tíì fojú rí ni ti Ikere Gorge lọ́wọ́ Ìsẹ́yìn. Ẹ fara balẹ̀ ná. Orúkọ ẹran yẹn ló mú mi. À-bù-ù-bù-tán: ohun tí à ń bù, tí à ń bù, tí kò tán. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti ní láti bá òkú rẹ̀ pàdé létí òkun, tí gbogbo abúlé yọ ọ̀bẹ jáde, tí wọ́n bù ú títí tí apá fi ń ro wọ́n, tí ẹran sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwa tí a wà lókè níbí náà mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ.

Orúkọ yìí gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ṣé ohun tí ojú wa rí bí ohun tí kì í tán, a lè máa pa á bó ṣe wù wá? Bó bá sì wá ń tán lọ́wọ́, ta ló lẹ́nu láti sọ fún ẹlòmíì pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Àbùùbùtán kì í ṣe ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló ń gbé. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lòun náà ń jáde wá mí. Ó ń bímọ láàyè, ó sì ń fọ́mọ lọ́yàn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí òyìnbó ń pè ní blue whale, lè gùn ju mítà 25 lọ. Ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń pa á, pẹ̀lú ọkọ̀ alájẹ̀ àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Nígbà yẹn, bí ọdẹ bá ṣe lè pa ẹran náà ni ẹran náà lè pa ọdẹ.

Ní àwọn ọdún 1860 ni ọmọ Norway kan, Svend Foyn, gbé ìbọn ńlá ka orí ọkọ̀ tó ń fi èéfín rìn. Ọ̀kọ̀ tí ìbọn náà ń yìn, bọ́ǹbù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó di 1925, wọ́n tún gbé ọkọ̀ kan jáde tí ìdí rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n lè wọ́ odindi àbùùbùtán gòkè, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n sè é, kí wọ́n gba òróró rẹ̀ sínú àgbá láì dé èbúté kankan. Ó parí! Ní sáà 1930 sí 1931 nìkan, blue whale tí wọ́n pa nínú òkun yìnyín ìsàlẹ̀ ayé lé ní 29,000. Láàárín 1900 sí 1999, àwọn olùṣèwádìí ṣírò rẹ̀ pé àbùùbùtán ńláńlá tí wọ́n pa káàkiri ayé sún mọ́ 3,000,000. Ti blue whale òkun ìsàlẹ̀ ayé yẹn, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí kì í tán, ó kù díẹ̀ kó tán.

Kí ni wọ́n ń fi òróró náà ṣe? Wọ́n ń tanná, wọ́n ń ṣe ọṣẹ, nígbà tó yá wọ́n ń ṣe bọ́tà, àní irú bọ́tà tí à ń fi pa búrẹ́dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní àwọn ọdún 1930, Unilever wà lára àwọn tó ń rà á jù, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń ra epo pupa àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa láti ọwọ́ UAC. Ẹ wò ó bí ayé ṣe kéré tó: epo ọ̀pẹ wa àti òróró àbùùbùtán, inú agbada kan náà ni wọ́n pàdé.

Àwọn kan máa ń sọ pé kẹrosíìnì ló gba àbùùbùtán là, pé nígbà tí epo rọ̀bì jáde, kò sẹ́ni tó tún nílò òróró rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú kíláàsì rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọdún yẹn wò. Láti 1859 ni wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ìgbà náà sì ni ìpakúpa tó burú jù dé. Epo rọ̀bì náà ló tún ń gbé ọkọ̀ wọn sáré. Ẹ̀rọ tuntun kì í mú ojúkòkòrò kúrò lára èèyàn, ibòmíì ló ń gbé e lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí. Èyí tí wọ́n ń pè ní humpback nínú wọn máa ń kúrò nínú òtútù ìsàlẹ̀ ayé lọ́dọọdún, á wá bímọ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní Gulf of Guinea wa yìí, láti Gabon títí dé Benin, ní àsìkò tí òjò wa ń rọ̀. Àwọn ọmọ Norway tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Láti 1912 ni wọ́n ti ń pa wọ́n ní etíkun Gabon, iṣẹ́ náà ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, títí di 1959. Abiyamọ tó wá bímọ lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ń yìnbọn lù. N ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni bi àwa tí a ni ẹ̀yìnkùlé náà léèrè.

Ní 1946, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń pa á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Washington, ibẹ̀ ni àjọ International Whaling Commission, IWC, ti jáde. Ká má tan ara wa o: kì í ṣe àánú ló kó wọn jọ. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé kí òwò náà lè máa lọ létòlétò ni. Ní 1982, wọ́n dìbò pé kí pípa fún títà dúró, òfin náà sì múlẹ̀ láti 1986. Norway kò gbà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1993. Iceland padà ní 2006. Japan ní ìwádìí sáyẹ́ǹsì lòun ń fi ti òun ṣe, àmọ́ ní 2014 ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague sọ pé èyí tó ń ṣe ní òkun ìsàlẹ̀ ayé kì í ṣe ti ìwádìí. Ní 2019, Japan jáde nínú àjọ náà, ó kúrò nínú òkun jíjìn yẹn, ó sì ń pa á fún títà nínú omi tirẹ̀ láìfi bò.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan ń sọ, n ò lè fọwọ́ rọ́ ọ dànù. Wọ́n ní oúnjẹ àwọn ni. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, tí ebi ń pa ìlú, ẹran yìí ni wọ́n fi bọ́ ọmọ iléèwé. Wọ́n ní àwọn tó ń pariwo yìí ń pa màlúù lójoojúmọ́, ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀mí màlúù fúyẹ́ ju ti àbùùbùtán lọ? Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ màlúù, ṣé wọ́n wá ti ìyẹn mọ́ gbogbo ayé lọ́rùn? Ó dùn ún gbọ́, àbí? Èmi tí mò ń dúró ra ọ̀yà yíyan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi dá wọn lẹ́bi torí ẹran?

Mo ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí mo fi rí i pé ojú méjì ló ní. Bóyá ó dáa ká pa ẹran, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ìgbà wo ni pípa di ìparun, ìyẹn náà ọ̀tọ̀. Èkejì ló kan mí jù.

Èrò tèmi rèé. Pípa di ìparun nígbà tí kò bá ná apani ní ohunkóhun mọ́. Láyé àtijọ́, ọdẹ Òkè-Ògùn tó bá pa erin tàbí ẹfọ̀n, kò ní í kàn gbé ẹran lọ sọ́jà. Ètùtù wà tó gbọ́dọ̀ ṣe, torí wọ́n gbà pé ẹran bẹ́ẹ̀ lè bá èèyàn jà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìbẹ̀rù lèyí o, n ò pè é láàánú. Àmọ́ ìbẹ̀rù náà mú kí ẹran kọ̀ọ̀kan ní gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ó san gbèsè kì í pa ogún lóòjọ́. Ìbọn Foyn ló fagi lé gbèsè yẹn lórí omi. Nílé níbí, ìbọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì tí ọdẹ ń so mọ́rí tẹ̀ lé e, ọ̀kadà tó ń gbé ẹran dé títì kílẹ̀ tó mọ́ ló parí ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan já èyí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ jù náà, ọjọ́ kan gbáko ni ẹran yẹn lè fi máa jẹ̀rora kó tó kú, ṣé ìyẹn ló wá sàn? Òótọ́ ló sọ. Ohun èlò tó yá lè dín ìrora ẹran kan kù, kó sì pa ìdílé rẹ̀ run. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ojú méjì ni. N kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ kí a padà sí ọrun àti ọfà. Ohun tí mò ń wá ni ohun tó lè rọ́pò gbèsè yẹn.

Ní 2006, àjọ IWC ṣe ìpàdé ní St. Kitts and Nevis. Wọ́n dìbò lórí ìwé kan tó sọ pé ìdádúró yẹn kò wúlò mọ́. Ìbò 33 gbè é, 32 lòdì, àmọ́ 33 kò tó láti yí òfin padà. Ta ló wà lára àwọn tó gbè é? Benin, aládùúgbò wa, àti Mali. Mali o! Orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun kankan, tó jìnnà sí òkun ju Ṣakí lọ. Wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀sín kárí ayé, àwọn kan ní owó ìrànwọ́ Japan ló ra ìbò náà, Japan sì ní irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi níbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kò tọ́. Bí a bá ní àbùùbùtán kì í ṣe ti ẹnì kan, a jẹ́ pé ará Mali ní ìpín nínú rẹ̀ bí ará Norway ṣe ní, ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí náà sì ní in. Àìlétíkun kì í sọ ẹnu dodi. Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé owó ló sọ̀rọ̀, wọ́n ta ìpín wa nìyẹn, wọn ò lò ó.

Ní báyìí, ẹ bá mi bọ̀ nílé. Igbó ọba tó wà láti ẹ̀yìn Ìgbòho dé Ọ̀yọ́-Ilé, a mọ̀ ọ́n gbogbo. Ní 1936, wọ́n ya ti Upper Ogun sọ́tọ̀, ní 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1952 méjèèjì di igbó tí wọ́n dá sí fún ẹranko, nígbà tó di 1991 wọ́n di Old Oyo National Park, ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Bàbá ọdẹ kan ní ẹ̀bá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí mo lọ kí pẹ̀lú obì, fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nígbà tí mo dárúkọ ẹ̀. "Ọmọ mi, ibi tí bàbá mi ti ń dẹ̀gbẹ́ ni. Ṣé èmi ni mo pa erin tán ni?" Mi ò lè dá a lóhùn. Nínú àwa tí wọ́n bí sí Òkè-Ògùn lẹ́yìn 1991, ta ló ti fojú rí erin nínú igbó?

Ìbéèrè bàbá yẹn ni àwọn ará Makah ní Amẹ́ríkà ń béèrè. Ní 1855 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pa àbùùbùtán. Àwọn ọkọ̀ ńlá ará òde ló pa á títí ó fi wọ́n, àwọn fúnra wọn ló sì dáwọ́ dúró ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tí ẹran náà ti pọ̀ padà, wọ́n pa ẹyọ kan ní 1999, ariwo sọ, ọ̀rọ̀ délé ẹjọ́. Ọdún 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé wọ́n lè pa tó 25 láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ìdádúró yẹn ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Humpback tó ń rìn létíkun Brazil kù bíi 450 ní àwọn ọdún 1950, báyìí wọ́n ti tó 25,000. Ohun tó wá le níbẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá ti pọ̀ padà, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ na ọwọ́ síwo? Lójú tèmi, kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Àwọn tí kò pa á tán ló yẹ kó ṣíwájú, pẹ̀lú iye tí wọ́n kà, kí ẹni tó pa á tán ṣì dúró lẹ́yìn. Àwa náà ńkọ́? Ní 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, gbogbo wa sá fún ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀mí ara wa là ń sá fún, kò sẹ́ni tó ro ti ẹtu. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, a padà sídìí ẹran yíyan.

Mo padà béèrè lọ́wọ́ bàbá ọdẹ yẹn pé bí wọ́n bá ní kó wá, pé àgbọ̀nrín mélòó kan lọ́dún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣé á gbà? Ó jẹ obì ẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa kà á?" Mo ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́. Ó ní kí wọ́n mú òun náà mọ́ra, torí òun mọ gbogbo akùrọ̀ tí wọ́n ti ń mu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun sì mọ abo tó lóyún láti ẹsẹ̀ tó tẹ̀ sílẹ̀.