Ìpáàrà Ara Wágọ́nù: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòṣe àti Òtítọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òwe yìí ni ẹnì kan fà yọ ní ọdún 2009, nígbà tí àwa olùkọ́ mélòó kan jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ láti yan èyí tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi: bí ènìyàn bá ń ṣe àwòṣe ohun tí ó wà láyé, ṣé bí nǹkan náà ti rí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣe é, àbí bí ó ti yẹ kí ó rí? Ìbéèrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ dáradára, a óò rí i pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni ó fa àríyànjiyàn. Èkíní jẹ́ kóòṣì, èyíinì ni ọkọ̀ tí èrò ń jókòó sí nínú rélùwéè. Páálí ni ọmọ tí ó ṣe é fi ṣe ara rẹ̀. Ó fi réésà gé fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ó ń dán bí ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun. Èkejì jẹ́ wágọ́nù, ọkọ̀ akẹ́rù. Agolo mílíìkì tí a là, tí a sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni ara rẹ̀. Ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà ni ó so wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣe mọ́tò agolo láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò fi í sílẹ̀ ní dídán. Ó po ọ̀dà pupa mọ́ dúdú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán rà á mọ́ abẹ́ ìlẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì di ìpáàrà. Irú wágọ́nù bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí ní ojú irin tí ó lọ sí èbúté Àpápá.

Àgbà olùkọ́ kan nínú wa ní ọmọ tí ó gbé ìpáàrà wá síbi àfihàn ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ó ní àlejò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà. Kí ni wọn yóò sọ nípa wa? Èmi náà fara mọ́ ọn. Kóòṣì ni a fi sí ipò kìíní, a sì ní kí ọmọ oníwágọ́nù lọ tún ọkọ̀ rẹ̀ kùn kí ọjọ́ àfihàn tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ irọ́ wò. Ẹnì kan lè sọ pé àwòṣe tí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí ó ń fara wé, irọ́ ni. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń fi ṣíṣe àwòṣe rélùwéè ṣe ìgbafẹ́, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní OO: mìlímítà 4 ni ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ojú irin wọn gan-an fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó yẹ kí ojú irin àwòṣe náà fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 18.8, ṣùgbọ́n mìlímítà 16.5 ni wọ́n ń lò. Ohun tí ó fà á ni pé nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ó wà nígbà náà kò lè wọ inú ẹ́ńjìnnì wọn ní ìwọ̀n tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú kí ara ọkọ̀ tóbi díẹ̀ sí i, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó mọ èyí. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tilẹ̀ tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí a bá bu díẹ̀ nínú ọ̀dà tí a fi kun kóòṣì gidi, tí a sì fi kun àwòṣe rẹ̀, yóò ṣú jù lójú, nítorí pé láti òkèèrè ni a ti máa ń wo kóòṣì gidi, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ sì ń mú àwọ̀ rẹ̀ rọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń po ọ̀dà funfun díẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n yí ọ̀dà padà kí ojú lè rí òtítọ́.

Nínú àṣà tiwa náà, ọ̀nà méjì ni ère gbà jọ ènìyàn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní ọmọ ọwọ́, agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ère rẹ̀ ní àgbà tí ó ti pé, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó ní ọmú. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a sì máa fún un ní oúnjẹ. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, bí ènìyàn pàtàkì bá kú ní ayé àtijọ́, a lè ṣe àkó rẹ̀: ère tí ó tó ènìyàn, tí ojú rẹ̀ jọ ojú olóògbé, tí a wọ aṣọ rẹ̀ fún, tí a sì gbé káàkiri ìlú. Ère ìbejì ń sọ bí ìbá ti rí. Àkó ń sọ bí ó ti rí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó ń wò ó mọ ohun tí ère náà ń wí. Ìgbà tí a bá mú kí ẹni tí ó ń wò gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni irọ́ tó wọlé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn kóòṣì aláwọ̀ ewé, kò ní ẹ̀bi, bí a bá ti kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé bí ó ti rí ní tuntun nìyí. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1901, ní ìgbà ògo tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí a kọ́ ní ọdún 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy sì tún ṣe ní ọdún 2010 di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, yóò rí díẹ̀ nínú ògo náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ ọ láṣọ. Ọ̀dà dídán kì í sọ pé ipò kìíní àti ipò kẹta wà nínú ọkọ̀ kan náà, kì í sì í sọ irú ẹni tí ó ń jókòó síbi tìmùtìmù àti irú ẹni tí ó ń jókòó sórí pákó. Kì í sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945 nítorí pé owó iṣẹ́ kò ká ọjà mọ́. Bí ìpáàrà bá lè dójú tini, ó yẹ kí a mọ̀ pé ohun dídán náà lè bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbà olùkọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ó ń gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí àjèjì ti ń wá ya àwòrán gọ́tà, tí wọ́n á sì fi ẹ̀yìn kọ ilé tí a gbá mọ́, ọmọ tí ó ń kàwé lábẹ́ iná, àti obìnrin tí ó ti jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá kun gbogbo nǹkan ní ìpáàrà ti purọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kun gbogbo nǹkan ní ọ̀dà tuntun. Bí ó bá ṣe pé irú èyí ni ọmọ náà ṣe, ìdájọ́ wa ìbá tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì ó tọ̀ mí wá, ó gbé wágọ́nù náà lọ́wọ́, ó ní, “Sà, ṣé kí n kun ẹsẹ̀ rẹ̀ náà?” Ìgbà náà ni mo tó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ara rẹ̀ dúdú, ó kún fún ìpáàrà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi nǹkan ha ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kan irin yíká, ó ń dán bí fàdákà. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Sà, ọkọ̀ tí ó bá ń rìn, ìpáàrà kì í mú ibẹ̀. Wágọ́nù tèmi ṣì ń rìn.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tí ó bá ń ṣiṣẹ́, irin ni í máa ha á tí yóò fi dán; ọkọ̀ tí a ti pa tì nìkan ni ìpáàrà ń mú lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ mélòó kan ni ó jókòó ti wágọ́nù náà ní ọjọ́ ìdájọ́, kò sí ẹni tí ó rí i. A wí pé ọmọ náà ń fi ìparun ilẹ̀ rẹ̀ han àlejò, nígbà tí ó ń sọ pé ohun tí ojú rí pé ó ti gbó yìí kò tíì dẹ́kun iṣẹ́. Mo sọ fún un pé a ti ṣe ìdájọ́ ná, kí ó kun gbogbo rẹ̀. Ó kùn ún. Ní ọjọ́ àfihàn, kò sí ẹni tí ó dúró wò ó.

Mo ti wá gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ohun tí mo ṣe. Òwe kò ní kí a má júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ tí a óò fi júwe rẹ̀ ni ó sọ. Ọmọ tí ó fara balẹ̀ wo ibi tí omi ń dúró sí lára irin, àti ibi tí irin ti ń ha irin, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi júwe. Ẹni tí kò fẹ́ràn nǹkan kì í wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwa tí a kò wò ó rárá, tí a sì dájọ́, àwa ni a lo ọwọ́ òsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ wá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń wí, kí ẹ tó sọ ohun tí ó yẹ kí ó wí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun, tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ yóò ṣe àwòṣe òun náà. Bí ó bá ń dán, kí wọ́n kùn ún kí ó dán. Bí ó bá gbó lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe ní kí wọ́n bò ó. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran.