Adó sí Lọ́ńdọ̀nù: Kí Ni À Ń Pè Ní Jíjìn?

Bí ẹ bá bi àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìn sí Ìkẹjà tó, ìṣirò rẹ̀ kò le. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà ní nǹkan bíi dígírì 6.6 sí òkè ìlà tó pín ayé sí méjì. Heathrow wà ní bíi 51.5. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ fi 111, ìyẹn iye kìlómítà tó wà nínú dígírì kan, sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Bàálù tó bá lọ tààrà á rìn ín ní bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀.

Àmọ́ ta ló ń gbé inú pápákọ̀? Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì gbéra lè gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ àti Ìtáwùúrè já sí Iléṣà, kó tó kọrí sí Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó. Bí ẹyẹ bá ń fò ó, kò ju bíi kìlómítà 240 lọ. Ti mọ́tò lé ní 300. Lóòótọ́, bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ tuntun Adó ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀. Bí ọ̀nà bá dì, wákàtí mẹ́fà ò ní tó o.

Ẹ wò ó dáadáa: lójú aago, ẹni tó wà l'Ékòó lè pẹ́ kó tó dé Adó bí ẹni tó ń fò bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ṣe máa pẹ́ kó tó dé Ìkẹjà. Kí wá ni à ń sọ fún àwọn òbí wa nígbà tí a bá ní, “Ó jìn”?

Kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ohun tí a bá ní kó kà ló ń kà. A ò ní kó ka owó tíkẹ́ẹ̀tì, físà, tàbí ọ̀gá tí kò fúnni láyè. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò tíì pé, tó mọ̀ pé bí òun bá jáde òun ò ní lè wọlé mọ́, ọ̀nà tirẹ̀ jìn ju 5,000 lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwa tí ìwé wa pé, tí owó wà lọ́wọ́ wa, àti àwa tí a wà l'Ékòó tí ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí wa, kìlómítà kọ́ ló dá wa dúró.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá tó wà ní Òkèṣà ò ka kìlómítà. Iye ọdún tó kù fún un ló ń kà. Ohùn wa lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí fóònù kó tó ṣẹ́jú, àmọ́ fóònù ò bá a jẹ iyán. Ó tọ́ kó gbọ́ ìdí gan-an: “Owó ò tíì tó,” “Wọn ò fún mi láyè,” tàbí “Mi ò fẹ́ wá lọ́dún yìí.” Èyí tó kẹ́yìn yẹn á dùn ún. Síbẹ̀, á mọ ohun tó lè máa retí.