Ta Ni Ó Ní Kí Wọ́n Ya Ìjọba Kúrò Lára Ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà?



Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú wa kan bi mí léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ Àáfáà, ṣé nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò ka ẹ̀sìn sí ni wọ́n ṣe ya ìjọba wọn kúrò lára rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn.

Àwọn Puritan tí wọ́n tẹ Boston dó ní 1630 kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìnira tí ìjọ ọba fi ń jẹ wọ́n. Nígbà tí àṣẹ wá bọ́ sọ́wọ́ tiwọn, kí ni wọ́n ṣe? Ní 1635 wọ́n dájọ́ pé kí oníwàásù Roger Williams kúrò nílùú, nítorí ó ní ìjọba kò láṣẹ lórí ọkàn ènìyàn. Ní 1660 wọ́n yẹgi fún obìnrin Quaker kan, Mary Dyer, nítorí pé ó padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e. Ẹni tí a pọ́n lójú lánàá ló wá di apọ́nnilójú.

Ní Virginia, ìjọ Áńgílíkà ni ìjọba ń fi owó orí gbogbo ènìyàn bọ́. Wọ́n sì ń ju àwọn oníwàásù Baptist sẹ́wọ̀n nítorí pé wọn kò gba ìwé àṣẹ. Àwọn Baptist wọ̀nyí, onígbàgbọ́ pọ́ńbélé, wà lára àwọn tó ti James Madison lẹ́yìn títí òfin òmìnira ẹ̀sìn tí Thomas Jefferson kọ fi wọlé ní 1786. Ní 1791, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sìn kan kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Massachusetts kò fi owó orí ìjọ sílẹ̀ àfi ní 1833.

Ẹ ò rí i pé àwọn ẹlẹ́sìn wà lára àwọn tó béèrè fún un! Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni. Àlùfáà tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, báwo ni yóò ṣe bá ìjọba wí?

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Omar ibn Said, onímọ̀ Mùsùlùmí láti Futa Toro, ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Charleston ní 1807. Ní 1831 ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Òfin òmìnira ẹ̀sìn ti pé 40 ọdún nígbà náà, ẹrú ni ó sì wà títí ó fi kú. Kí ni òmìnira ẹ̀sìn fẹ́ ṣe fún ẹni tí a sọ di ọjà títà?

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Àáfáà, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ tiwa ni àṣẹ wà ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ni mo gbé wá fún yín. Ó rọrùn láti fẹ́ràn òmìnira níbi tí a bá ti kéré. Ibi tí a bá ti pọ̀ ni ìdánwò wà. Ẹ̀tọ́ tí o ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tí o kò lágbára, ṣé wàá fún ẹlòmíràn nígbà tí o bá lágbára? Kí olúkúlùkù wa dá ara rẹ̀ lóhùn.

Kí Allāhu fi òdodo ṣe ìwà wa. Àmín.