Ta Ni Ó Jẹ̀bi Kúrù?

Kí a tó pe àwọn ará Fore, ní òkè ìlà-oòrùn Papua New Guinea, ní ẹhànnà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa jẹ òkú ènìyàn wọn (kò rọrùn fún Yorùbá láti gbọ́), nítorí pé lójú wọn, ikùn ẹni tó fẹ́ràn olóògbé sàn fún un ju ikùn ìdin lọ. Obìnrin àti ọmọdé ni ọpọlọ sábà máa ń kàn; àwọn náà ni kúrù pa jù. Ara wọn á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò ní gbé wọn mọ́, ikú á dé. Oṣó ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìwádìí ló fi hàn pé pùrótéènì tó ká lódì ni: a máa sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dà bíi tirẹ̀, títí ọpọlọ yóò fi lu bíi kànrìnkàn.

Ǹjẹ́ ìyá tó jẹ òkú ọmọ rẹ̀, tó sì bù fún àbúrò olóògbé, jẹ̀bi? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìpalára wà, èrò ibi kò sí. Carleton Gajdusek náà gba ọpọlọ òkú Fore lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi kó àrùn ran ìnàkí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. A kò pe òun ní ẹhànnà.

Àwọn Fore ti pa àṣà náà tì ní nǹkan bí 1960. Síbẹ̀, àwọn kan tó bá wọn jẹun ìsìnkú ní kékeré ṣì kú lẹ́yìn ohun tó lé ní 40 ọdún.